Èkó Jẹ Wá Lówó Ọdẹ

Ìyá Táíwò ń yan gààrí lọ́wọ́ nígbà tí bàbá tó ń gba owó ọdẹ wọ agboolé wa n'Ígbó-Ọrà, ní Ìbàràpá, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìwé ọmọléèwé ni bàbá fi ń kọ orúkọ, ó fi báírò há etí. Ìyá Táíwò nu ọwọ́ sí ìró, ó tú etí aṣọ, ó mú igba náírà jáde.

"Ẹ bá mi kọ ìyókù sílẹ̀, bàbá. Ó di ọjọ́ ọjà."

Bàbá kọ ọ́. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ra ẹ̀tù, bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti epo ọ̀kadà fún àwọn ọdẹ tó ń sùn lóko kí àwa lè sùn nílé. Gààrí tó wà nínú agbada ńkọ́? Èkó ló ń lọ.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: Èkó ló yẹ kó máa san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọdẹ Ìbàràpá. Kì í ṣe ọrẹ ni mo ń tọrọ. Gbèsè ni.

Ní òru ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn apànìyàn ya wọ Igangan, ní Ìbàràpá wa níbí. Wọ́n pa èèyàn tó lé ní mẹ́wàá, wọ́n sì dáná sun ààfin Aṣígangan, ọba ìlú náà. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ọdún kan tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn, lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó ọkọ̀ wá, a pàtẹ́wọ́, a yọ̀. Ayẹyẹ parí, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Olúkúlùkù ṣe òfin tirẹ̀, ó ń wá owó oṣù tirẹ̀; Èkó ní tòun ní ẹ̀ṣọ́ àdúgbò. Orúkọ la jọ ń jẹ́, àpò ò pa pọ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa gbọ́n ju báyìí lọ. Nígbà ogun Kírìjì pẹ̀lú Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń ṣòwò l'Ékòó kò sọ pé ogun jìnnà sáwọn. Wọ́n kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀, wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ògèdèngbé, ọ̀gágun wọn, lójú ogun. Ìbọn ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn nígbà náà, ojú wọn sì rí nǹkan. (Mo mọ̀ pé Ìbàdàn ló ń jọba lé wa lórí nígbà yẹn, tí Èkìtì Parapọ̀ sì jẹ́ ọ̀tá. Ohun tó dáa kì í di burúkú torí pé ọ̀tá ló ṣe é.) Oníṣòwò tó wà ní Marina l'Ékòó kò gbé ìbọn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ dé ojú ogun n'Ímẹ̀sí.

Ẹ tún wo Làìbéríà. ECOWAS ló rán ọmọ ogun ECOMOG lọ síbẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 1990, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ ogun àti owó, Nàìjíríà ló ń pèsè é. Lọ́dún 1999, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là la ti ná. Lọ́dún kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun wa kúrò ní Sàró, níbi tí ECOMOG tún wà. Ẹni tó bá dá ẹrù rù, ọ̀nà jíjìn ni yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀, ilé ò sì ní gbọ́.

Àwọn kan ń bi mí pé, kí ló pa owó Èkó àti igbó Ọ̀yọ́ pọ̀? Mo fi Japan dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n lé Iraq kúrò ní Kuwait lọ́dún 1991, nǹkan bíi bílíọ̀nù 61 dọ́là ni Amẹ́ríkà pe owó ogun náà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 54 nínú rẹ̀ ló sì ti ọ̀dọ̀ àwọn alájọṣe wá. Japan ò rán jagunjagun kankan lọ, síbẹ̀ ó san ju bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Epo rọ̀bì tí wọ́n ń jà lé lórí, ilé rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Ẹ yọ "epo rọ̀bì" kúrò níbẹ̀, ẹ fi gààrí sí i.

Wọ́n á tún ní ta ni yóò máa ṣọ́ owó náà. Kí Èkó rán akọ̀wé tirẹ̀ wá, kó wá ka ọta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá wù ú. Ohun tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ ni "a bá yín kẹ́dùn."

Ọ̀nà rẹ̀ ò ṣòro. ECOWAS ń gba ìdajì náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà ọjà tó bá ti òde agbègbè wa wọlé. Ẹni tó ń kó ọjà púpọ̀ wọlé ló ń san púpọ̀. Kí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà dá iye kan sí nínú owó tó ń wọlé fún wọn, kí wọ́n kó o sínú àpò kan, kí ó sì máa lọ síbi tí iná ti ń jó. Ìgbìmọ̀ DAWN, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà, wà ní Cocoa House n'Íbàdàn, àwọn ló gbèrò Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀. Kí àwọn náà ra ìwé ọmọléèwé kan, kí wọ́n kọ orúkọ Èkó sí òkè pátápátá, lókè orúkọ Ìyá Táíwò.