Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Èrò Mi Lórí Yíyan Charge Controller fún Bátìrì Sólà

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oríkì, òwe àti àṣà ni ẹ sábà máa ń bá pàdé níbí. Ṣùgbọ́n èdè tí kò bá lè sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà lórí òrùlé wa, èdè tí ó ti ń dágbére fún ayé ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá yẹ ọ̀rọ̀ sólà wò lónìí.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó epo sì di ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n wà ní Band A fò sókè di ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yíjú sí oòrùn. Bí wọ́n bá sì dé ọjà, ohun méjì ni wọ́n máa ń béèrè: pánẹ́ẹ̀lì mélòó, bátìrì mélòó? Àpótí kékeré tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, èyí tí a ń pè ní charge controller, ẹni tí ó ń tà á ni ó máa ń bá wọn yàn án. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àpótí yìí wà lára ohun tí yóò sọ bóyá bátìrì tí a fi owó gọbọi rà yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ rántí oníbodè ayé àtijọ́, ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣí ẹnubodè ìlú àti ìgbà tí ó yẹ kí ó tì í. Iṣẹ́ oníbodè ni controller ń ṣe. Fóltì ni ipá tí ó ń ti iná. Áńpíà ni ìwọ̀n iná tí ó ń ṣàn. Bí a bá sọ àwọn méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, wáàtì ni a ó rí. Bátìrì olómi ti 12 fóltì, bí ó bá kún tí ó sì ń sinmi, nǹkan bí 12.7 ni yóò fi hàn. Kí ó tó lè kún, a ní láti tì í dé nǹkan bí 14.4, kí a tó wá rẹ ipá náà sílẹ̀ sí nǹkan bí 13.6. Bí oníbodè bá ti ilẹ̀kùn pẹ́ jù, bátìrì yóò gbóná, omi rẹ̀ yóò sì gbẹ. Bí ó bá tètè tì í, bátìrì kò ní kún láéláé, yóò sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ní alẹ́, òun náà ni kì í jẹ́ kí iná bátìrì ṣàn padà sí inú pánẹ́ẹ̀lì.

Oríṣi oníbodè méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní PWM ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í, léraléra, kíákíá. Ó so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì tààrà, tí ó fi jẹ́ pé fóltì bátìrì ni pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́. Fóltì tí ó bá ṣẹ́kù ṣòfò nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní MPPT dà bí ẹni tí ń ṣẹ́ owó ní bodè: ó ń gba fóltì gíga lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì, ó sì ń fi áńpíà púpọ̀ sí i san án fún bátìrì. Òun ló wọ́n jù. Àwọn olùtajà yóò sì sọ fún wa pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tí a fi owó ńlá sè ló ń dùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ń kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ní RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tí ènìyàn lè máa gbé inú rẹ̀ bí ilé. Wọ́n ń wa ọkọ̀ náà lọ sí orí òkè ní ìgbà òtútù, òtútù sì máa ń mú kí fóltì pánẹ́ẹ̀lì gòkè. Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì ti bátìrì 12 fóltì máa ń fún wa ní nǹkan bí 18 fóltì àti 5.5 áńpíà ní ìwọ̀n ooru 25. Bí pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ bá tutù dé òdo, tí oòrùn sì ràn dáadáa, MPPT lè rí nǹkan bí 104 wáàtì, nígbà tí PWM yóò rí nǹkan bí 75. Ìyàtọ̀ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí páànù ní Ìbàdàn, pánẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé 60. Fóltì rẹ̀ yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bí 15.5. MPPT yóò rí nǹkan bí 82, PWM yóò ṣì rí nǹkan bí 75. Ṣé nítorí wáàtì méje ni a ó ṣe san owó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta? Ìmọ̀ràn tí ó gbè wọ́n lọ́hùn-ún lè má gbè wá níbí.

Àmọ́ ṣá o, ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ní ìdajì. Bí ó bá jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ńlá ti 300 wáàtì, tí fóltì rẹ̀ tó 32, ni a fẹ́ so mọ́ bátìrì 12 fóltì, PWM yóò rí nǹkan bí 127 wáàtì péré. Nínú ooru kan náà, MPPT yóò rí nǹkan bí 245. Ẹni tí ó bá fi PWM síbẹ̀ ti sọ nǹkan bí ìdajì oòrùn rẹ̀ nù.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí a béèrè kí a tó sanwó.

Èkíní, áńpíà mélòó ni ó lè gbé? Fún MPPT, ẹ fi fóltì bátìrì pín wáàtì gbogbo pánẹ́ẹ̀lì: 600 wáàtì lórí bátìrì 12 fóltì jẹ́ 50 áńpíà, lórí 24 fóltì, 25 ni. Fún PWM, ẹ wo áńpíà tí ó ga jù lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un.

Èkejì, fóltì mélòó ni ó lè gbà láti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì? Bí ó bá jẹ́ 100, tí pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ní 40 fóltì nígbà tí a kò tíì so ó mọ́ nǹkan kan, méjì ni a lè tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀kẹta lè sun ún.

Ẹ̀kẹta, irú bátìrì wo ni a lè yàn lórí rẹ̀? Bátìrì jẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ fóltì tó ti olómi. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò sì fẹ́ àfikún fóltì tí a máa ń fún olómi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìkankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí tí ó ní MPPT nínú. Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí dé nìyí. Àwọn lẹ́tà mẹ́rin yẹn ti di ọfọ̀ lọ́jà: ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ wọn ni ó ń sanwó jù lórí wọn. Àwọn controller kan wà tí wọ́n kọ MPPT sí lára, tí ó jẹ́ pé PWM lásán ló wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá lóye iṣẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀. Èyí tí í ṣe ojúlówó máa ń wúwo nítorí wáyà bàbà tí wọ́n ká sínú rẹ̀, àti pé bí fóltì pánẹ́ẹ̀lì bá ga dáadáa ju ti bátìrì lọ, áńpíà tí ó ń jáde yóò pọ̀ ju èyí tí ó ń wọlé lọ.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a yá fóltì àti áńpíà lò. Ohun tí kò dára ni kí a yá orúkọ, kí a má sì yá òye.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí bàbá tàbí ìyá yín bá fẹ́ ra sólà, ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ fi èdè tí wọ́n gbọ́ ṣe ìṣirò yìí fún wọn kí wọ́n tó jáde nílé. Ire o.