Kí Ọmọ Wa Tó Pààrọ̀ Yunifásítì

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnáwó. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, pàápàá àwọn tí ń fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Àwa tí a ń gbé ìlú tí kì í ṣe ìlú baba wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Lónìí, ilé-iṣẹ́ lè gbé bàbá kúrò ní Port Harcourt lọ sí Èkó. Lọ́la, ìyá lè pinnu pé òun ń padà sí Abẹ́òkúta lọ tọ́jú ìyá òun tó ti darúgbó. Bí àgbà bá ṣí, ọmọ a fẹ́ ṣí tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ ti kà kì í ṣí tẹ̀lé e bí ẹrù inú àpótí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ọmọ ọ̀kan nínú wa parí ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe kan, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ND pẹ̀lú èsì tó dára. Yunifásítì kan gbà á sí ọdún kejì, a sì bá àwọn òbí rẹ̀ yọ̀. Ọmọ náà kàwé títí ó fi parí gbogbo ìdánwò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí yóò lọ ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́ ara ògiri, a wá orúkọ rẹ̀, a kò rí i. Kí ló dé? Wọ́n ní ó jẹ gbèsè ẹ̀kọ́ gbogbogbò méjì ti ọdún kìíní: ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹ̀kọ́ nípa àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti àṣà wọn. Ọmọ ní òun ti ka ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní pólì, òun sì yege. Wọ́n ní ti pólì kì í ṣe tiwọn. Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì wà ní ìdajì kìíní ọdún, èkejì wà ní ìdajì kejì. Báyìí ni odidi ọdún kan ṣe lọ nítorí ẹ̀kọ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju wákàtí méjì lọ lọ́sẹ̀. Owó yàrá, owó oúnjẹ, owó ilé-ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ tún wá a san. Ọmọ yìí kò ya ọ̀lẹ, kò sì hùwà ìbàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un ni, àwa àgbà náà kò sì béèrè.

Kí ni ẹ̀kọ́ gbogbogbò yìí? Òun ni ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kà, ìbáà jẹ́ dókítà, amòfin tàbí oníṣirò owó ni yóò dà lẹ́yìnwá ọ̀la. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, abẹ́ Yunifásítì London ni ó wà, ìwé ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Nsukka ní ọdún 1960, tí àwọn Michigan State University ti Amẹ́ríkà sì ń ràn án lọ́wọ́, ni a sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ka ẹ̀kọ́ gbogbogbò pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n yàn. Lónìí, kò sí yunifásítì kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní in.

Àwa kò bá ẹ̀kọ́ náà jà. Onímọ̀ ẹ̀rọ tí kò lè kọ lẹ́tà tí ó já gaara, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára tó, yóò rí wàhálà. Ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá tí a bí sí Port Harcourt mọ ìtàn àwọn Ìkwerre tí ó gbà wá sílé, kí ó mọ ti Kalabari àti ti Ogoni pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ tiwọn náà sì mọ̀ wá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọmọ má ṣe ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì má ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún kan nítorí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀ ni òṣùwọ̀n. Nílé, kóńgò ni a fi ń wọn gàárì. Níhìn-ín, ike pẹ́ńtì ni. Gàárì kan náà ni, ṣùgbọ́n bí o bá gbé kóńgò rẹ lọ sí ọjà Mile 1, wọn yóò wò ọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí rí fún ọjọ́ pípẹ́. Yunifásítì Port Harcourt pè é ní GES, Ìbàdàn náà pè é bẹ́ẹ̀. Ìlọrin pè é ní GNS. Ti Èkó pè é ní GST. Ifẹ̀ sì ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn pólì ní GNS tiwọn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ NCE sì ní GSE. Akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì wo nọ́ńbà, kò bá tirẹ̀ mu, ó ní kí ọmọ lọ tún un kà.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà, ìyípadà yìí ni a sì fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Àjọ NUC tí ń bójú tó àwọn yunifásítì gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun kan jáde tí wọ́n ń pè ní CCMAS, a sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní ọdún 2023. Nínú ìlànà yìí, NUC fúnra rẹ̀ ni ó la ìdá 70 nínú 100 ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà sílẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni yóò fi ìdá 30 tí ó kù kún un bí ó ti wù ú. Ẹ̀kọ́ gbogbogbò wà nínú ìdá 70 náà. GST 111 ni ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì. GST 112 ni àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti àṣà wọn. GST 212 ni ìmọ̀ èrò jinlẹ̀ àti àròjinlẹ̀ nípa ìwà ẹ̀dá. GST 312 ni ẹ̀kọ́ nípa àlàáfíà àti bí a ṣe ń parí ìjà. ENT 211 àti ENT 312 sì jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Yúnìtì méjì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 12, nọ́ńbà kan náà ni láti Ṣókótó dé Choba.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ pé: ọmọ tí ó yege nínú GST 111 ní Àkúrẹ́, kí ni ìdí tí yóò fi tún un kà ní Port Harcourt? Kóńgò ti di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a máa fi í wọn gàárì.

A mọ̀ pé àwọn aláṣẹ ní ìdáhùn. Wọn a ní àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbòmíràn, wọn a sì ní èsì ayédèrú pọ̀ nílẹ̀. Òtítọ́ ni, a kò lè jiyàn. Nítorí náà ni ìwé èsì tí a ń pè ní transcript fi ń ti ọ́fíìsì kan lọ sí ọ́fíìsì kejì láìgba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n yunifásítì tí ó gba èsì Físíìsì àti ti Ìṣirò tí ó wà nínú ìwé náà, tí ó sì torí rẹ̀ gba ọmọ wọlé, báwo ni yóò ṣe ní òun kò gba èsì ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lójú ewé kan náà? Bí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó fún ọmọ ní ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ tí ó dé. Bí ó bá yege, kí ó máa lọ. Bí kò bá yege, kí ó kà á kíákíá, kì í ṣe ní ọdún àṣekágbá.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó ń ka ọdún méjì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wọn kí wọ́n tó bọ́ sí yunifásítì ìjọba. Oríṣi yunifásítì ìjọba méjì ni ó wà níbẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ gbogbogbò tí àwọn ọmọ wọ̀nyí lè tẹ̀lé sì ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ tí ó tẹ̀lé èyí tí kò bá ibi tí ó ń lọ mu a pàdánù àkókò. Ní ọdún 2021, wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ pé kí a so ètò náà di ẹyọ kan fún yunifásítì méjèèjì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé e ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Yúnìtì 34 ni, Cal-GETC ni wọ́n ń pè é. A kò ní kí a máa fara wé òyìnbó nínú ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ìwé ti wọn kì í ṣe ìlànà nìkan: òfin ló pa á láṣẹ pé kí wọ́n gbà á. Apá yìí ni ó kù sí tiwa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé ọmọ tí ń pààrọ̀ yunifásítì kò ní ìfarabalẹ̀. Ní ọdún 1966 tí ilẹ̀ wa dàrú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìlà Oòrùn fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sí Nsukka, kì í ṣe eré ni wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2022 ogun lé àwọn ọmọ wa kúrò ní Ukraine. Ní 2023 ogun tún lé àwọn mìíràn kúrò ní Sudan. Ẹni tí kò tíì ṣí rí ni yóò fi ẹni tí ó ṣí ṣe yẹ̀yẹ́.

Títí àwọn aláṣẹ yóò fi gbọ́, ẹ jẹ́ kí a ran ara wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn márùn-ún yìí.

Èkíní, kí ọmọ tó kúrò níbi tí ó wà, kí ó béèrè fún transcript rẹ̀, kí ó sì gba ìwé tí ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti kúrò nílùú, ìwé a ṣòro láti gbà.

Èkejì, kí ó béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tí ń gbà á pé èwo ni wọn yóò gbà nínú ẹ̀kọ́ gbogbogbò tí òun ti kà, èwo ni wọn kò ní gbà. Kí ìdáhùn náà jẹ́ ti orí ìwé, nítorí olùkọ́ tí ó fi ẹnu sọ ọ́ lè ti lọ kí ọdún mẹ́rin tó pé.

Ẹ̀kẹta, èyíkéyìí tí ó bá kù, kí ó forúkọ sílẹ̀ fún un ní ọdún tí ó dé. Èyí kan àwọn tí ń gba ìwé-ẹ̀rí ND tàbí NCE wọ ọdún kejì jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, GST ti ọdún kìíní kò yọ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ má ṣe fojú fo JAMB. Yunifásítì ni yóò kọ́kọ́ gba ọmọ, ṣùgbọ́n JAMB gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti JAMB mu yóò pàdé ìṣòro nígbà tí ó bá fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yẹra fún àwọn tí ń dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ní àwọn mọ ènìyàn nínú ọ́fíìsì. Ẹni tí ó gba owó yín lẹ́nu géètì kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lẹ orúkọ.

Ní ti ẹ̀ka wa, a dá àbá méjì. Kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Choba, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Rivers ní Nkpolu, àti ní Ignatius Ajuru ní Rumuolumeni sílẹ̀, kí ọmọ tuntun lè rí ẹ̀gbọ́n tí yóò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ sì kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ yunifásítì ìlú yìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí wọ́n máa gba GST tí ọmọ ti yege nínú rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a bẹ àwọn ẹgbẹ́ ìlú mìíràn tí ó wà níhìn-ín láti fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú wa, nítorí àìrìn pọ̀ ejò ní ń jẹ ejò níyà. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ẹ̀yà.

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti parí, ó sì ti lọ sìn ìlú. Ṣùgbọ́n ọdún kan rẹ̀ ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a padà fún un. Ní ọdún yìí, àwọn mìíràn yóò tún gbé àpótí wọn láti yunifásítì kan lọ sí òmíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín lálẹ́ òní: GST mélòó ni ó kù ọ́?