Ẹ Wó Ògiri Tó Wà Láàárín Oníṣirò àti Oko

Ìwé ìpè sí àwọn aláṣẹ yunifásítì àti ilé ìwádìí ìlú Ìbàdàn



Ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ń wá tí wọn kò rí, Ìbàdàn ní i lọ́pọ̀ yanturu. Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti 1948. CRIN, ilé ìwádìí kòkó, dé ní 1964. IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí irú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti kárí ilẹ̀ Áfíríkà, dé ní 1967. NIHORT ń ṣe ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ ní Ìdí-Ìṣin, IAR&T, ilé ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, sì wà ní Moor Plantation. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láì tẹ oko ìwádìí kan rí. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn lè parí tirẹ̀ láì bá oníṣirò jókòó. Ẹni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àwòrán mọ̀, fọ́tò ajá àti ológbò tí wọ́n kó jọ lókè òkun ló fi ń dánra wò, nígbà tí ẹ̀gẹ́ ń ṣàìsàn lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ògiri ló wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a wó o.

1. Bí ìṣirò ṣe dé oko

Ká ní àgbẹ̀ kan ní irú ẹ̀gẹ́ mẹ́rin, tó fẹ́ mọ èyí tó ń ta jù. Ilẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba: apá òkè gbẹ, apá odò lọ́ràá. Bó bá gbin irú kan sétí odò, tó sì ta dáadáa, ta ni ká yìn, ẹ̀gẹ́ ni àbí ilẹ̀? Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kó pín ilẹ̀ náà sí ojú mẹ́rìndínlógún, ìlà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òòró, kí irú kọ̀ọ̀kan sì hàn lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, ọ̀rá odò àti ọ̀gbẹlẹ̀ òkè á kan gbogbo wọn bákan náà.

Leonhard Euler, oníṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kọ̀wé lórí irú ètò yìí ní 1782, kò sì ro ti ẹ̀gẹ́ tàbí àlìkámà rárá. R. A. Fisher, tó wọ ilé ìwádìí ọ̀gbìn Rothamsted ní England ní 1919, ló jẹ́ kó di ohun tí olùwádìí oko káàkiri ayé ń lò.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, P. C. Mahalanobis dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Calcutta ní 1931, Indian Statistical Institute. Ó pe R. C. Bose, ẹni tí jíómẹ́tírì pọ́nńbélé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, wá sáàárín àwọn tó ń ka irè oko. Ìṣirò tí Bose fi tún ètò oko ṣe, Évariste Galois, ọmọ Faransé tó kú ní 1832 lẹ́ni ogún ọdún, ló fi í sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí irúgbìn náà tó so.

Euler tún ti rò pé a kò lè to irú ètò méjì lé ara wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà láì jẹ́ pé ìpàdé kan jọ òmíràn, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá yóò rí. Ti mẹ́fà rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 1959, Bose pẹ̀lú oníṣirò méjì míì, Shrikhande àti Parker, fi hàn pé ti ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa kúkú ti wí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Oko yá ìṣirò lò, ẹni tí oko sì lò ló padà yanjú àdììtú tó ti wà fún ọdún 177.

2. Ẹ̀rọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́

Lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ewé, nọ́ńbà ni. A ó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò hàn án, ewé tó sàn àti èyí tó ń ṣàìsàn. Ìgbàkígbà tó bá ṣì í, yóò yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ díẹ̀ síbi tí àṣìṣe náà yóò fi dínkù. Ọgbọ́n yíyí díẹ̀díẹ̀ yìí, Cauchy, oníṣirò ọmọ Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1847.

Ọgbọ́n yìí ti dé oko. Yunifásítì Penn State àti IITA fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí Nuru, áàpù tó ń wo ewé ẹ̀gẹ́ lórí fóònù láì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò tí wọ́n fi ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, Tanzania ni wọ́n ti yà á. Àkójọ fọ́tò 21,367 tí Yunifásítì Makerere gbé síta ní 2020, oko àgbẹ̀ Uganda ló ti wá. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé. Níbo ni tiwa wà? Ewé tí eruku ọyẹ́ bò, ẹ̀gẹ́ tí a gbìn pọ̀ mọ́ àgbàdo, ẹ̀rọ kò lè mọ ohun tí a kò fi hàn án rí. Àìsàn kan wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ nínú ilẹ̀ nígbà tí ewé kò tíì ké gbàjarè. Ká tó rí i lọ́dọ̀ wa, ó yẹ ká ti ní ojú tí a ó fi rí i.

3. Èsì fún àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àwọn kan á ní, “Kí ni ìwúlò ìṣirò pọ́nńbélé fún ẹni tí ebi ń pa?” Galois ti dáhùn. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú ọdún yìí díwọ̀n ohun tí ìṣirò yóò so. Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní 1955, ó sì kọ́ ìran akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Irú ẹ̀ka tó fi sílẹ̀ yẹn kò yẹ kí a febi pa nítorí pé èrè rẹ̀ kò yá.

Àwọn oníṣirò míì ń bẹ̀rù pé oko yóò sọ iṣẹ́ wọn di yẹpẹrẹ. Kí wọ́n wo Bose.

Àwọn kan á ní kò sówó. Jíjókòó pọ̀ kò gba ilé tuntun. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló gbé Yunifásítì Ìbàdàn àti IITA.

4. Ohun tí a ń bèèrè

Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé lè ní alábòójútó méjì láti ẹ̀ka méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì lè wá láti ilé ìwádìí oko.

Èkejì, kí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ka iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe sí iṣẹ́ gidi, kí wọ́n má ṣe bù ú kù nítorí pé orúkọ pọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ya owó kan sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ tó bá ní oníṣirò, oníkọ̀ǹpútà àti olùwádìí ọ̀gbìn nínú, kó má sì gbàgbé ìṣirò pọ́nńbélé tí kò tíì mọ oko tó ń lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí fọ́tò àti ìwọ̀n irè oko wa wà nílé, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò oko láì gba àṣẹ lẹ́nu olóko.

Ẹ̀karùn-ún, kí èsì padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ ní Yorùbá tó gbọ́, láti ẹnu àwọn ará àgíríkì tó mọ̀ lójú.

Mi ò ní kí gbogbo yunifásítì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹyọ kan gbìyànjú: olùkọ́ ìṣirò kan, oníkọ̀ǹpútà kan, olùwádìí ọ̀gbìn kan, àgbẹ̀ kan, àti ilẹ̀ ojú mẹ́rìndínlógún. Kí wọ́n jọ gbin ín, kí wọ́n jọ kà á, kí wọ́n sì pe àwa yòókù wá wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wa ẹ̀gẹ́.