Àkàrà ní Òdìkejì Òkun

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ìrìnàjò bá gbé yín dé ìlú Salvador ní ilẹ̀ Bràsíl, tí ẹ sì fẹ́ràn oúnjẹ, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wọ ilé oúnjẹ ńlá. Ìdí àtẹ àwọn alákàrà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò Rio Vermelho, ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ funfun àti gèlè ni wọ́n máa ń wọ̀.

“Acarajé” ni wọ́n ń pè é: àkàrà wa náà ni, tí a fi “jẹ” kún. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Wọn a là á láàárín, wọn a fi ọbẹ̀ ilá, edé àti vatapá sí i nínú. Búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, oje àgbọn àti epo ni wọ́n fi ń se vatapá. Ó ń yó ni púpọ̀. Nítorí náà, ẹ pín ẹyọ kan jẹ, kí àyè lè kù fún àtẹ kejì, níbi tí ẹ ó ti jẹ abará, ọ̀lẹ̀ inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí alákàrà bá bi yín pé “gbígbóná ni àbí tútù?”, ata ló ń béèrè, kì í ṣe iná!

Nígbà òwò ẹrú, oúnjẹ títà bí èyí ni àwọn obìnrin mìíràn fi ra òmìnira ara wọn. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ alákàrà sínú ìwé ogún ìbílẹ̀ wọn. Síbẹ̀, ojú ń ti àwọn ìyàwó kan nílé wa láti gbé àkàrà síwájú àlejò. Ẹ dán ti Salvador wò ní Sátidé kan: ẹ là á, kí ẹ sì fi ilá àti edé kún inú rẹ̀.