Ta Ló Ni Ààtàn Ute?

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ní Ute àti àwọn abúlé tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ìpínlẹ̀ Ondo, ẹ̀bá ọ̀nà a di ibi tí wọ́n ń sá nǹkan sí. Láfún á tẹ́ rẹrẹ lórí tapólì, gàárì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọdé kan á mú igi dání, á máa lé ewúrẹ́. Ìyá tó sá a ti gba oko lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn kò tíì kó o wọlé, eku á dé bá a, ọmọdé tó ń lé ewúrẹ́ á sì ti sùn.

Eku tí à ń wí yìí kì í ṣe òkété tí ọdẹ ń pa tà. Eku kékeré olómú púpọ̀ kan ni. Oko ló ń gbé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń dáná sun igbó, tí oúnjẹ sì wọ́n níta, inú ilé ló ń sá wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé àrùn ibà Lassa kiri. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ lọ́dún 1969, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, Ondo, Edo àti Bauchi ló sábà máa ń ṣíwájú nínú ìròyìn NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ sì wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fara gbá a jù. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá kó o, nǹkan bíi mẹ́jọ ni kì í mọ̀ rárá tàbí kó kàn rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Lára àwọn tó kù ni àwọn tí wọ́n ń gbé dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ (FMC) ní Ọ̀wọ̀.

Àwọn dókítà ní Ọ̀wọ̀ ń sa ipá wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí eku ti ń bí sí kò sí ní ọsibítù. Ààtàn ẹ̀yìn ọjà ni, gọ́tà tó ti dí ni, igbó tó hù mọ́ ògiri ilé ìwé ni.

Ta ló wá ni ààtàn yẹn? Bí ẹ bá béèrè, “ìjọba” ni wọn yóò dáhùn, wọn yóò sì na ọwọ́ sí Àkúrẹ́ tàbí Abuja. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò wí bẹ́ẹ̀. Àfikún kẹrin rẹ̀ to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: kíkó ilẹ̀ dànù, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò, itẹ́ òkú, àti ọ̀nà inú ìlú. Káńsù tún ní ipa tirẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ìfọ́n, níbi tí sẹkitéríàtì Ọ̀sẹ́ wà, ni ará Ute yóò kọjú sí.

Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé wolé-wolé. Yóò yọ láìsọ tẹ́lẹ̀, yóò ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí àyíká rẹ̀ bá dọ̀tí yóò sì rí ìwé kọ́ọ̀tù gbà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn wọn, ká sòótọ́, àwọn kan nínú wọn kò sì kọ ẹ̀gúnjẹ. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù wọn kì í jẹ́ kéèyàn da ilẹ̀ sí ibi tó bá wù ú. Káńsù ló ni wọ́n nígbà náà, òun náà ló ni wọ́n lónìí.

Bí káńsù bá ní owó kò sí, ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé gómìnà kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà mú mọ́, kí owó náà máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kó sì jẹ́ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni yóò máa ná an. Ìmúṣẹ rẹ̀ kò yá bí ẹnu tí wọ́n fi dá a. Lọ́jọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, Ondo dìbò káńsù, ẹgbẹ́ APC ló sì kó ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjìdínlógún. Ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, bí ẹgbẹ́ kan bá gba gbogbo rẹ̀ báyìí, ará ìlú nìkan ló kù tí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè yẹn ló sì ti sọnù. Nígbà tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1952 dé ní Ìwọ̀ Oòrùn, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà fún un, àpò ará ìlú ni púpọ̀ nínú owó káńsù ti ń jáde. Ẹni tó mú rìsíìtì owó-orí dání kì í dákẹ́. Lónìí, owó ń wá láti Abuja lóṣooṣù, kò sì sẹ́ni tó rí i bí owó tirẹ̀.

Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba ti wà láti ọdún 2011. Ọjọ́ méje ni ó fún iléeṣẹ́ ìjọba láti fèsì. Awuyewuye pé kò de ìpínlẹ̀ parí ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ, lórí ẹjọ́ tó wá láti Edo, pé kò sí ìjọba tí kò dè. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ lè jọ kọ ìwé kan. Kí wọ́n má béèrè pé “kí lẹ ń fi owó wa ṣe?” Ìbéèrè gbọọrọ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti yẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n béèrè pé: wolé-wolé mélòó ló wà fún wọ́ọ̀dù wa? Ìgbà wo ni wọ́n kó ààtàn ọjà kẹ́yìn? Èló ni ètò ìṣúná ọdún yìí yà sọ́tọ̀ fún un?

Iṣẹ́ kù sílé náà. Kí láfún àti gàárì máa sùn nínú ike tó ní ìdérí, kí tapólì ẹ̀bá ọ̀nà wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kí ilẹ̀ má sì sun ìdí ògiri. Bí ibà kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí èèyàn ti ń lo oògùn ibà, kó má fi àgbo kún un. Ilé ìwòsàn ni kó lọ, torí láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni oògùn Lassa ń ṣiṣẹ́ jù.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni àrùn yìí ń gbilẹ̀ jù. Ẹ̀yin ará Ute, ẹ jẹ́ kí ìwé yín ti dé Ìfọ́n ṣáájú àkókò náà, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀.