Ogbó Kì Í Ṣe Àrùn Katakata

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn tó ń lo katakata àtijọ́, wọ́n wí i títí ó fi di òfin: "Katakata ogbó gbọdọ̀ jò. Èyí tí kò bá jò, ọ́ìlì ti tán nínú rẹ̀ ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé agolo sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbóná tí kò lágbára, ogbó náà ni wọ́n á tún dá lẹ́bi.

Irọ́ ni. Ẹ wo katakata Ford 8N. Láàárín 1947 sí 1952, èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lé ní 500,000, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lóko títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iná bẹ̀rẹ̀. Nínú distributor ni kọ́ńtáàtì wà. Ìgbà tó bá là ni iná ń fò sí pílọ́ọ̀gì. Nǹkan kékeré tó ń ṣí i a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo àárín ẹnu kọ́ńtáàtì á sì fún. Bí àlàfo bá fún, kọ́ńtáàtì á pẹ́ kó tó là, iná á pẹ́ dé: ẹ́ńjìnì á gbóná, agbára á lọ, irin sàlẹ́ńsà á pọ́n. Kí ni olóko ń ṣe? Á tú bóòtù, á máa yí distributor, etí ni yóò fi máa díwọ̀n. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá! Lórí 8N tí distributor rẹ̀ wà níwájú, àlàfo náà jẹ́ 0.015 ínǹṣì, lórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, 0.025. Àlàfo la kọ́kọ́ ń tò, ká tó to táímíǹgì, ìyẹn àkókò tí iná ń fò, nítorí bí àlàfo bá yí, táímíǹgì yí. Ọjọ́ orí kò sí nínú ìwọ̀n yìí: 0.025 ni ní 1950, òun náà ni lónìí.

Ó ku jíjò. Lábẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé jíà, ihò kan wà tí wọ́n fi píìnì há. Píìnì náà ń mì kí ẹrẹ̀ má bàa dí ihò. Bí ọ́ìlì dúdú bá ń kán níbẹ̀, síìlì ẹ̀yìn kíráńkì ni. Bó bá ki, tó ń rùn bí ọ́ìlì jíà, síìlì ti jíà ni. Mo ti rí ẹni tó fi àkísà dí ihò náà. Kíkán dáwọ́ dúró, ó dúpẹ́. Kò pẹ́ tí ọ́ìlì fi rin kílọ́ọ̀ṣì, tó ń yọ̀.

Kí ẹ tó ra síìlì, ẹ yẹ ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí wò. Bí eruku bá dí i, èéfín inú á máa ti ọ́ìlì jáde ní gbogbo ojú ìránpọ̀, síìlì tuntun náà á sì jò. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ẹ fọ ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ bu pọ́dà sí i lára, kí ẹ sì tan án. Ibi tó ga jù, tó sì wà níwájú jù, tó bá tutù ni orísun, nítorí fáànù ń fẹ́ ọ́ìlì sẹ́yìn, ó sì ń ṣàn wálẹ̀.

Mo gbà pé rọ́bà ń gbó. Ṣùgbọ́n síìlì tó gbó ní orúkọ, ó ní ipò, ó ní iye. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ogbó ló ń ṣe katakata yín, ẹ bi í pé: síìlì wo? Àlàfo kọ́ńtáàtì ńkọ́? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀.