Líle Sípíríǹgì Kọ́ Ni Eré Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí ó yẹ ni ní í yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn bí a ti ń ro àṣà kan tí ó wà láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ṣe fún eré. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi yọ sípíríǹgì tí ilé-iṣẹ́ fi sí i, tí wọn yóò sì fi èyí tí ó kúrú tí ó sì le rọ́pò rẹ̀, kí ọkọ̀ lè wálẹ̀, kí ó sì jọ èyí tí a fi ń díje. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ni èrò pé bí sípíríǹgì bá ti le tó ni ọkọ̀ yóò ti dára tó. Èrò náà kò tọ̀nà, ó sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí sípíríǹgì ń ṣe. Ní 1678, Robert Hooke, ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba, tẹ òfin kan jáde tí àwọn olùkọ́ wa ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní: bí ẹrù tí a gbé lé sípíríǹgì bá ti wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tẹ̀ tó. Kí á sọ pé sípíríǹgì kan ń fẹ́ ẹrù kílò 3 kí ó tó tẹ̀ ní mìlímítà 1. Bí táyà bá gun gegele tí ó ga ní mìlímítà 40, kílò 120 ni sípíríǹgì náà yóò fi ti ọkọ̀ sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí a bá fi èyí tí ó le ní ìlọ́po méjì rọ́pò rẹ̀, kílò 240 ni yóò fi tì í lórí gegele kan náà. Ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà.

Kí ni ó wá dé tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje fi ń lo sípíríǹgì líle? Ìdí rẹ̀ ni pé pápá ìdíje tẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà, ara rẹ̀ a máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá tẹ búréèkì, imú rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀. Sípíríǹgì líle ń dín fífì yìí kù, táyà a sì lè tẹ ilẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà gbágungbàgun, ọ̀rọ̀ yí padà. Sípíríǹgì tí ó le jù kò lè jẹ́ kí táyà máa tẹ̀lé ilẹ̀ bí ilẹ̀ ti rí. Táyà yóò máa ta sókè láti orí gegele kan dé òmíràn. Táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè ya kọ́nà, kò sì lè dá ọkọ̀ dúró. Báyìí ni ohun tí a rà nítorí eré ṣe ń gba ìjánu lọ́wọ́ awakọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìbẹ̀rù eré ni ó ń mú wa sọ̀rọ̀, kí ó wo orílẹ̀-èdè Jámánì. Láti 1927 ni pápá ìdíje Nürburgring ti wà láàrin àwọn òkè Eifel. Apá àríwá rẹ̀ gùn tó nǹkan bí kìlómítà 21, kọ́nà rẹ̀ sì ju 70 lọ. Ní àwọn ọjọ́ tí a yàn, ẹni tí ó bá san owó lè wa ọkọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì fi ọkọ̀ kan náà gba títì lọ sílé. Síbẹ̀, òfin ilẹ̀ náà kò fi ọ̀ràn sípíríǹgì sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú olúkúlùkù. Sípíríǹgì tí a pààrọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ní ìgbà púpọ̀ ni ayẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ṣe àìka èyí sí lè pàdánù àṣẹ tí ọkọ̀ rẹ̀ ní láti wà lójú títì. Ìlú tí ó fẹ́ràn eré ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fi sípíríǹgì ṣeré.

Ẹ̀rí kejì wà ní Ìlú Ọba. Colin Chapman, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, mọ ọkọ̀ ìdíje bí ẹni mowó. Nígbà tí ó gbé ọkọ̀ Elan jáde ní 1962, sípíríǹgì tí ó rọ̀ ni ó fi sí i, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Títí di òní ni àwọn tí ó mọ ọkọ̀ ń yìn ín fún bí ó ti ń ya kọ́nà.

Kí wá ni ẹni tí ó fẹ́ lo ọkọ̀ kan ṣoṣo fún pápá àti fún títì yóò ṣe? Èkíní, kí ó tún táyà, búréèkì àti gbogbo ohun tí ó ti gbó lábẹ́ ọkọ̀ ṣe kí ó tó ra sípíríǹgì. Èkejì, kí ó má ṣe pààrọ̀ sípíríǹgì láìwo ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì ń gba agbára sára, ó sì ń dá a padà. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń pa agbára náà. Bí sípíríǹgì tuntun bá le ju ohun tí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ lè kápá, ọkọ̀ yóò máa jó láìdúró. Ẹ̀kẹta, kí iwájú àti ẹ̀yìn bára mu: bí iwájú nìkan bá le jù, ọkọ̀ yóò máa kọ̀ láti yà, bí ẹ̀yìn nìkan bá le jù, ìdí rẹ̀ yóò máa fẹ́ gbá lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ó yan èyí tí ó fi díẹ̀ le ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, kí ó má sì ṣe lépa èyí tí a ṣe fún ìdíje nìkan.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa nílé. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń gúnlẹ̀ sí Èkó ti ní olówó mìíràn rí ní òkè òkun, ohun tí onítọ̀hún bá sì ti yí padà lábẹ́ ọkọ̀ ni ẹni tí ó rà á yóò jogún. Nítorí náà, kí olùrà mú mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ dání, kí ó wo abẹ́ ọkọ̀ kí ó tó ka owó. A sì fi tagbára-tagbára kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ayùn gé sípíríǹgì kúrú, tàbí tí ń fi iná yọ́ ọ kí ọkọ̀ lè wálẹ̀. Sípíríǹgì tí a gé lè yẹ̀ kúrò ní ìjókòó rẹ̀ nígbà tí táyà bá wọ kòtò. Èyí tí iná bá jó ti pàdánù agbára rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí ìjọba kọ́kọ́ tún títì ṣe ná. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, àwa náà kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n títì tí kò dára kọ́ ni àwíjàre ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. A rọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n máa wo sípíríǹgì bí wọ́n ti ń wo iná àti búréèkì. A sì rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n fi òfin Hooke yìí han àwọn ọmọ lára ọkọ̀ tí ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wọn, nítorí àwọn ọmọ náà ni awakọ̀ ọ̀la.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.